Àyè Tí Mo Fi Sí Ìjókòó Tíṣà

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

A ti dé. Orúnkún mi wú, báàgì aṣọ mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú yẹ̀rì arúgbó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni kò sọnù, torí pé orí itan ni mo gbé e lé láti ilé títí bọ́ọ̀sì fi dé ibí. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrù yòókù." Mo ní ẹni tó bá gbé ọmọ mi sẹ́yìn ọkọ̀, kó gbé èmi náà sí i.

Dókítà yìí kì í ṣe dókítà ní ti gidi o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tí ara wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n jókòó. Òun ni olórí wa. Àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ, síbẹ̀ gbogbo wa la máa ń sáré bó bá ti la ẹnu.

Bàbá ilé, ọkọ mi, pè mí lórí fóònù kí n tó bọ́ bàtà. "Ó dáa, ṣé àwọn tí kò lè rìn ti tán nílùú wa ni?" Ohun tó bi mí kí n tó kúrò nílé náà nìyẹn. Mi ò rí èsì fún un nígbà yẹn, mi ò sì rí i lónìí. Mo ṣáà mọ̀ pé nígbà tí ìyá ìjọ dìde, tó ní àwọn tó ń lọ sí ìrìn-àjò ìhìnrere nílò télọ̀, ọwọ́ mi ti wà lókè kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo ní kó lọ gbé ọbẹ̀ kaná kó má bàa kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

A tú ẹrù àga onítáyà tí ìjọ wa kó ránṣẹ́ ṣáájú wa. Kò sí èyí tó pé nínú wọn. Èyí tó ní táyà kò ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Èyí tó ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, eku ti fi ìjókòó rẹ̀ tọ́mọ. Iṣẹ́ tó gbé wa wá ni ká tú wọn palẹ̀, ká sì tún wọn tò gẹ́gẹ́ bí ara ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀. Dókítà yóò wọn ènìyàn, Wẹ́dà yóò gé irin, yóò jó o pọ̀, èmi yóò rán ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Wẹ́dà ga débi pé gbogbo ilẹ̀kùn ló ń tẹrí ba fún. Látàárọ̀ dalẹ́ ló ń kọrin ìyìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ohùn rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo ọwọ́ ọkùnrin náà lára irin. Mo jókòó wò ó títí tíì mi fi tutù.

Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na kánfáàsì mọ́ irin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ó dún gbà. "Màmá, ìjókòó kì í ṣe aṣọ o. Ẹ jẹ́ kó le. Bí ẹ bá gbá a tí kò dún, ẹ tú u." Mo ní mo gbọ́. Látìgbà tí wọn ò tíì bí i ni mo ti ń ránṣọ, ó wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na aṣọ. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, mi ò bínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Òwú tó nípọn wọ́n níbí ju ẹran lọ. Ìyàwó pásítọ̀ ìjọ tó gbà wá lálejò ló ń túmọ̀ fún wa, obìnrin jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ líle kì í gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Mo ní kó sọ fún olówùú náà pé ọ̀yájú ni. Ó jọ pé àdúrà ló ṣe fún un, torí olówùú náà ṣe àmín, kò sì yọ kọ́bọ̀.

Àga mélòó kan ti jáde. Aránbàtà kan jókòó sínú tirẹ̀, ó yí táyà jáde, kò dúró títí ó fi dé ìparí òpópónà. Ìyàwó rẹ̀ ń fi fìlà rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Lónìí ni mo rí obìnrin kan.

Ìyá rẹ̀ ló tì í wá nínú bárò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń kó yanrìn, wọ́n tẹ́ ìrọ̀rí sí i. Ó jókòó sínú bárò náà bí ẹni tó wà nínú mọ́tò ara rẹ̀, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì. Wọ́n lọ búláòsì funfun ọrùn rẹ̀ débi pé etí rẹ̀ lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Kò tíì kí wa tán tó fi rí ibi tí Wẹ́dà kọ ìwọ̀n irin sí lára ògiri.

"Ta ló kọ éèje yìí? Ó fẹ́ ṣubú."

Wẹ́dà, gìrìwò ọkùnrin, dìde lọ tún un kọ.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyá rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó gun orí tábìlì kó lè gbé àwọn lẹ́tà kọ́ ara ògiri kíláàsì rẹ̀, tábìlì yẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Dókítà já a léèékánná ní itan, ó ṣì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ.

Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kíláàsì rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún un pé bó bá lè jókòó láti ìgbà tí agogo ìwọlé bá lù títí di ìgbà tí ti ìjáde bá lù, kó máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tíṣà tuntun ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ilé-ìwé yóò wọlé.

"Àga lásán ló kù fún mi," ó wí. "Gbogbo nǹkan yòókù, mo ní in."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gé ìjókòó Tíṣà. Ó rù. Egungun ìbàdí rẹ̀ ń kan mí lọ́wọ́ nígbà tí mo fi téèpù yí i ká, ìyá rẹ̀ sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nígbà tí ọmọ òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sanra, apá rẹ̀ kún.

Látìgbà tí mo ti mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mi ò rán aṣọ tó fún ẹnikẹ́ni pinpin rí. Yunifọ́ọ̀mù ọmọdé, mo máa ń fi àyè sí i kó lè bá a dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni mo máa ń fi àyè sí tirẹ̀ jù, torí lójú tèmi, ẹni tó bá gé aṣọ fún aláìsàn bó ṣe rù gan-an, ó ti gbà fún àìsàn náà nìyẹn. Mo fi ìka méjì lé ti Tíṣà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń wa ẹ̀rọ ni mo ń gbàdúrà sí i: Olúwa, jẹ́ kó kún un.

Dókítà wà ní abúlé kejì, ó ń wọn àwọn tó kù. Wẹ́dà ló bá mi dè é mọ́ irin, mo tẹ́ fóòmù lé e lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Tíṣà gun àga rẹ̀. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, Dókítà wo ẹsẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó ní ó dáa.

Kò sáré jáde bí àwọn yòókù. Ó yí táyà lọ síbi ògiri, ó yọ ṣọ́ọ̀kì nínú àpò, ó kọ lẹ́tà kan síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ kó gún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ló tó ní ká máa lọ. Ìyá rẹ̀ ti bárò òfìfo ṣáájú rẹ̀ lọ sílé, ó ń sunkún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Èmi sunkún. Dókítà sunkún. Wẹ́dà ní iná ìjórin ló wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò tíì tan ẹ̀rọ rẹ̀ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò rọ̀ títí. Tíṣà wá sí ìsìn, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Látọjọ́ Ẹtì ló ti ń yí táyà láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún àwọn òbí pé òun ń padà bọ̀, kí wọ́n lọ fọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn. Ìyá rẹ̀ ní bó bá ti jí tó gun àga náà, kì í sọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtara tẹ́lẹ̀. Èmi tí orúnkún lásán máa ń dá dúró kí n má lọ sí ìpàdé àdúrà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ìjì ká páànù ilé ìdáná wa lọ. Wẹ́dà ń lé e, ó ń kọrin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ sílé Tíṣà láti wọn aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìwọlé, ẹ̀bùn tèmi. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé ó fì sí òsì, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo juwọ́ sí i pé kó jókòó dáadáa. Ó ní òun jókòó dáadáa. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí àbàwọ́n lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni, àti omi ara.

Ara ti bó níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹnu ife. Tíṣà ń bi wá pé kí là ń wò. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Mo gbé fóòmù kúrò lórí àga. Ìjókòó náà ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín, ó ti di kòtò. Mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n lọ pe Dókítà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mi ò lè kọ èyí tó kù lánàá.

Dókítà dé, ó wo egbò, ó fọ̀ ọ́, ó dì í. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àga. Ó gbá ìjókòó náà. Kò dún.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Màmá, mo sọ fún yín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìdí tó bá rì sínú kòtò máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, egungun ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa tẹ ẹran ara látàárọ̀ dalẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára kò sì ní yí padà. Irú egbò bẹ́ẹ̀, bó bá jìn, ó ń pa ènìyàn.

Tíṣà kò gbọ́dọ̀ jókòó mọ́. Kó máa da ikùn délẹ̀ títí egbò yóò fi san. Ìyá rẹ̀ bèèrè bóyá yóò san kí ilé-ìwé tó wọlé, Dókítà ní rárá, ìyàwó pásítọ̀ kò sì rí àdúrà kankan fi bò ó.

Tíṣà àti ìyá rẹ̀ gbà pé àìsàn ló fà á. Dókítà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bò mí láṣìírí, àṣírí náà sì wúwo ju èébú lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo fẹ́ kó ní àyè, mo sì gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo pe Bàbá ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Mo ti ń retí kó ní ṣebí òun sọ fún mi. Ìbéèrè ló fi dáhùn.

"Aṣọ tí o bá rán tó bàjẹ́, ta ló máa ń tú u?"

Mo ní èmi ni.

"Ó dáa náà." Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù tuntun yẹn. Ọkùnrin yìí ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Mo tú ìjókòó náà. Mo gé òmíràn, mi ò fi nǹkan kan lé e. Nígbà tí mo gbá a, adìẹ sá kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá ilé-ìwé wá kí Tíṣà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Wọ́n fún un lága, kò jókòó.

"Tíṣà, mo ti dá ẹni tuntun yẹn dúró títí. Àwọn ọmọ ò lè máa wọ kíláàsì tí kò ní olùkọ́. Bó ò bá lè jókòó lọ́jọ́ ìwọlé, màá gbà á."

Ó hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dun òun náà. Mi ò lè bínú sí i, òótọ́ ló sọ. Tíṣà ní, "Mo gbọ́, sà," ó yíjú sí ògiri. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jọ aláìsàn lójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́

Mo ní kí ìyàwó pásítọ̀ bá mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ojú mi lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba.

"Sọ fún un pé èmi ni mo fa egbò yìí. Wọ́n ní kí n na ìjókòó náà kó le, mo fi àyè sí i."

Ìyàwó pásítọ̀ wò mí. "Màmá, mi ò ní túmọ̀ ìyẹn."

"Túmọ̀ ẹ̀."

"Iṣẹ́ Olúwa lẹ bá wá. Ẹ jẹ́ kó máa rántí yín sí rere."

"Bó ò bá túmọ̀ ẹ̀, màá fọwọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ fún un. Ó sì máa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Kò fi àdúrà kún un.

Ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi àyè sí i?" Tíṣà bi mí.

"Mo rò pé wàá sanra. Mo fẹ́ kí àyè wà níbẹ̀ dè ọ́."

Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń wò mí. "Láti ọdún méjì, gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, bí mo ṣe ń dín kù ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gé nǹkan fún mi bí ẹni tó ṣì máa pọ̀ sí i." Ó nu ojú. Ó wá ṣe ojú tíṣà sí mi. "Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ yín, ẹ ò gbọ́. Ní kíláàsì mi, ẹni tí ò bá fetí sílẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń lọ dúró sí."

Mo dìde, orúnkún mi ń ké, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Ìyàwó pásítọ̀ fi ìborùn bo ẹnu. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti bàtà òjò, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe jù.

"Màmá, ó ti tó, ẹ máa bọ̀. Nǹkan kan wà tí mo ti ń rò láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti wá. Ó ní àfi kí n lè jókòó. Ṣé ìdí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni? Ẹnu ni. Ọkùnrin gíga yín yẹn, ṣé ò lè fi táyà sí bẹ́ẹ̀dì?"

Ìyàwó pásítọ̀ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, tó fi mọ́ ìdí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà fún Dókítà, ó fò sókè, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, òun kò kàn rò ó mọ́ kíláàsì ni. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ara mi sì fúyẹ́.

Kété tí ìsìn parí ni Wẹ́dà ti gbé férémù bẹ́ẹ̀dì àlòkù kan dé láti ilé ìwòsàn àdúgbò. Ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó fi táyà ńlá síwájú kí Tíṣà lè máa fi ọwọ́ yí i fúnra rẹ̀, ó fi kéékèèké sẹ́yìn. Dókítà wọn ibi tí àyà yóò gbé lé kí ọwọ́ lè wà lófìfo láti kọ̀wé. Ó là á lẹ́sẹẹsẹ fún Tíṣà pé ìyá rẹ̀ yóò máa wo egbò láàárọ̀ àti lálẹ́, àti pé bó bá ti pọ̀ sí i, ilé ni.

Èmi rán ibùsùn rẹ̀. Mo gbá a kí Dókítà tó gbá a.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá ilé-ìwé wá wo bẹ́ẹ̀dì onítáyà náà. Ó yí i ká títí.

"Mi ò rí tíṣà tó dùbúlẹ̀ níwájú ọmọ iléèwé rí."

"Sà," ni Tíṣà wí, "ẹ ṣáà ti rí èyí tó jókòó tó ń sùn."

Ẹ̀rín jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i mú. Ó ní ká fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó. Bí àwọn ọmọ kò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tíṣà tuntun yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tí àwa ń bẹ̀rù náà nìyẹn. Ta ni yóò bẹ̀rù olùkọ́ tó dùbúlẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé-ìwé wọlé. Mo wọ aṣọ ìsìn mi lọ. Dókítà ní ká má wọ inú kíláàsì, ká má baà pín ọkàn àwọn ọmọ níyà, nítorí náà ojú fèrèsé la pín.

Tíṣà wọ aṣọ tuntun tí mo rán, ó wà lórí ikùn, ó yí táyà ara rẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ya ẹnu sílẹ̀. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn lẹ́tà tó gbé kọ́ lọ́jọ́ tó ṣubú ṣì wà lókè ògiri, ọ̀kan wọ́, ó rí i, mo mọ̀ pé ó rí i. Ó kí wọn. Wọn kò dáhùn. Ariwo bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó dé ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

Tíṣà kò gbé ohùn sókè. Ńṣe ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọbìnrin kan tó kéré jù nínú wọn sún mọ́ ọn kó lè rí ohun tó ń kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò rí i dáadáa, ó wá da ikùn délẹ̀. Tíṣà fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ni ẹlẹ́kejì bá dùbúlẹ̀. Ni ẹlẹ́kẹta bá tì í kó sún kí òun náà ráyè.

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, gbogbo wọn ló wà nílẹ̀, ilẹ̀ ti funfun fún lẹ́tà, yunifọ́ọ̀mù tí ìyá wọn fọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Kò sí ẹni tó fẹ́ jáde lọ ṣeré.

Mi ò lè kọ bí inú mi ṣe dùn tó. Kí n kàn kọ ọ́ pé ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Dókítà wo egbò náà. Ó ti ń pa ẹnu dé. Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó ti lọ kó tó san tán. Mi ò ní fojú mi rí Tíṣà lórí ìjókòó tuntun yẹn. Ó dùn mí, mo gbà.

Ọ̀gá ilé-ìwé gba ojú fèrèsé wá yọjú. Ó dúró, ó ń wá olùkọ́ láàárín wọn. Mo ní, "Sà, gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Ìyàwó pásítọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Ó lọ. A rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ó padà dé pẹ̀lú òòlù, ó bọ́ bàtà dídán rẹ̀, ó gun àga, ó tú àwọn lẹ́tà òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kàn wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ yóò ti máa rí wọn. Ó sọ fún Tíṣà pé kíláàsì kejì lòun máa fún ẹni tuntun yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Bọ́ọ̀sì ti dúró síta. Wẹ́dà ń gbé ẹrù, ó ń kọrin. Báàgì aṣọ mi dé láti ẹnubodè lánàá, ìgbà tí mo ti ń lọ sílé. Bàbá ilé ní àga onítáyà ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé wa ti ya, òun ti sọ fún un pé télọ̀ rẹ̀ ń bọ̀. Ó jọ pé ó ti rí èsì fún ìbéèrè rẹ̀ kí n tó rí i.

Èmi àti ìyàwó pásítọ̀ lọ dágbére fún Tíṣà ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà náà kúrú, kò sì sí bí mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìdúró. Èmi ìyá àgbà bá da ikùn délẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, wọ́n sún fún mi. Àga onítáyà rẹ̀ wà ní igun kíláàsì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó, ó ń dúró dè é.

"Màmá, ẹ ò fi àyè kankan sí i lọ́tẹ̀ yìí?"

"Rárá."

"Bí mo bá wá sanra ńkọ́?"

"Màá padà wá tú u."

Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ló sọ nǹkan fún ọmọbìnrin kékeré ọjọ́sí. Ọmọ náà sáré lọ síbi àga, ó ká aṣọ orí rẹ̀ sókè. Ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀ sókè, ó gbá ìjókòó náà.

Ó dún.